Òpó Tí Kò Sí Nínú Ṣáàtì

Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò Abdulganiyy ní Ìgàndó léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀. Bí ẹ bá bi òun fúnra rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní àwòrán lòun ń yà. Kì í ṣe àwòrán ènìyàn, kì í sì í ṣe ti igi tàbí ti ẹyẹ. Iye ló ń yà láwòrán.

Àjọ kékeré kan ní Ẹgbẹ́dá ló gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti máa wá àwọn ọmọdé tí wọn kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri Alimọ́ṣọ́, kí wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ náà tọ̀ wọ́n lọ. Àwọn obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọ́n á béèrè orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, àdúgbò tó ń gbé àti abẹ́rẹ́ tó ti gbà, wọ́n á tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ á gba orí afẹ́fẹ́ lọ, á lọ kóra jọ sínú àká kan lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú Abdulganiyy. Détábéèsì ni wọ́n ń pe àká náà. Orúkọ lórí orúkọ, iye lórí iye, ó lọ súà bí eṣú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó dé ìdajì, oorun á ti gbé e lọ.

Abdulganiyy ló ń sọ òkìtì yẹn di ṣáàtì. Á ní kí kọ̀ǹpútà kó àwọn ọmọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan jọ, kó sọ wọ́n di òpó. Àdúgbò tí ọmọ púpọ̀ ti gba abẹ́rẹ́, òpó rẹ̀ á ga fíofío. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó, òpó tirẹ̀ á kúrú bí àpótí ìdáná. Tí wọ́n bá ti gbé e sára ògiri nínú ìpàdé oṣooṣù, òpó kúkúrú ni gbogbo ojú ń wá, ibẹ̀ náà sì ni àwọn alábẹ́rẹ́ ń gbé kúlà tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí lọ lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e.

Ó mọ iṣẹ́ náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó, ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ ìwé ní Ẹgbẹ́dá ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní détábéèsì ju ìwákúwàá tirẹ̀ lọ. Àwọ̀ tó bá lò kì í jagun lójú. Lẹ́tà tó bá kọ sábẹ́ òpó, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á kà á. Ọ̀gá àjọ náà, Ìyáàfin Cecilia Ọmọ́níyì, ọmọ Èkìtì tó ti ṣe tíṣà rí, máa ń sọ fún un pé, "Ganí, tó bá jẹ́ ṣáàtì tìẹ ni, mi ò nílò kí n máa wá awò ojú mi kiri." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ ọn dé ilé.

Nílé, Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ ló ń ránṣọ níwájú ilé tí wọ́n ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Hamdalah, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń lọ sílé ìwé. Ilé ìyá àgbà náà, ilé bàbá Abdulganiyy ni. Bàbá náà fọ́jú kó tó kú. Ògiri ló ń fọwọ́ tọ̀ láti iyàrá dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn ará ilé sì ní ayé ló ṣe é.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn dókítà ojú kan wá sí mọ́sálásí tí Abdulganiyy ti ń kírun, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ojú àwọn ènìyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Òun náà jókòó, wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní glọkómà wà lójú rẹ̀. Wọ́n ní àìsàn náà kì í dunni, kì í mú kí ojú pọ́n. Bí olè tó ń kó ẹrù láti ẹ̀yìnkùlé wá ló rí, ìgbà tó bá dé pálọ̀ ni onílé máa tó mọ̀. Wọ́n bi í bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí rẹ̀ tó fọ́jú. Ó ní kò sí. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú, wọ́n ní títí ayé ni, wọ́n sì kọ orúkọ ọsibítù tó yẹ kó lọ fún un.

Ó kán oògùn náà títí ó fi tán. Kò ra òmíràn. Ojú tó ń rí eèrà lórí ògiri, kí ni wọ́n ń kán oògùn sí i fún? Kò sọ fún Hàbíbátù. Bó ṣe ń lọ, kò rántí rẹ̀ mọ́, àfi nígbà tó bá rí afọ́jú lójú títì, á yára wo ibòmíràn.

Àárín ojú rẹ̀ dá ṣáká, ìyẹn ló tàn án jẹ. Ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká kọlu férémù ilẹ̀kùn. Ife tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dànù, á ní ta ló gbé e síbẹ̀. Ọjọ́ kan tó fẹ́ sọdá títì ní Ìkọ̀tún, kẹ̀kẹ́ márúwá kan yọ sí i bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti jáde, ẹni tó ń wà á sì bi í bóyá ó fọ́jú ni. Abdulganiyy dúró létí títì pẹ́ kó tó lè gbé ẹsẹ̀.

Níwájú kọ̀ǹpútà ló ti wá dájú. Ọfà kékeré tó ń fi ọwọ́ darí lójú kọ̀ǹpútà á sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó tó rí i, àfi kó máa yí orí bí adìẹ tó ń wo àṣá. Ṣáàtì tó ti máa ń fojú gán-án-ní lẹ́ẹ̀kan, ó wá di pé ó ń wò ó lékìrí lékìrí. Ó mọ ohun tó jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi lọ sí ọsibítù. Ohun tí ẹnu kò bá tíì dárúkọ, ó dà bíi pé kò tíì dé. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kí ni yóò máa ṣe? Kí ni wọ́n ń fi ayàwòrán afọ́jú ṣe?

Ó wá dọ́gbọ́n sí i. Kò ya ṣáàtì tuntun mọ́. Èyí tó yà lóṣù tó kọjá ni yóò dà kọ, á kàn ní kí kọ̀ǹpútà fi iye tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Àwọ̀ á dúró síbi tí wọ́n wà, òpó á dúró, kò ní máa wá nǹkan kiri. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, á dáwọ́ dúró, á dá ọ̀rọ̀ míì sílẹ̀. Nílé, Hàbíbátù nawọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú sí i gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe, pé kó bá òun ki òwú bọ̀ ọ́. Ó gbìyànjú títí, òwú ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Hamdalah, àgbà ti ń dé sí yín o."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó sì fi tòsì wo wíńdò. Kò rí wíńdò.

Oṣù tí ohun tí mò ń wí ṣẹlẹ̀, àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn àdúgbò tuntun kún iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn, àwọn ilé kan tó wà lẹ́yìn Ìgàndó nísàlẹ̀ irà, níbi tí ọkọ̀ kì í dé lásìkò òjò. Ṣáàtì àtijọ́ kò mọ àwọn àdúgbò tuntun yìí. Dandan ni kí Abdulganiyy ṣí ibi tí orúkọ gbogbo àdúgbò wà, kó máa fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó bá fẹ́ kó yọ nínú ṣáàtì. Orúkọ wọn tò lọ sílẹ̀ láàárín, wọ́n kún ibẹ̀. Èyí tí kò rí àyè mọ́ ló bọ́ sí etí ọ̀tún pátápátá, òun nìkan, bí àlejò tí kò rí ìjókòó. Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn ni.

Abdulganiyy fi àmì sí gbogbo àwọn tó wà láàárín. Ó rọra ṣe é, ó tún un wò láti òkè délẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀ pé òun ṣì lè ṣe é. Ó tẹ bọ́tìnnì, àwọn òpó dìde. Ṣáàtì náà rẹwà.

Nínú ìpàdé, Ìyáàfin Ọmọ́níyì yìn ín. Wọ́n wo àwọn òpó kúkúrú, wọ́n pín àwọn alábẹ́rẹ́ sí Òkè-Odò, sí Command, sí àwọn ibòmíràn. Kò sí ẹni tó dárúkọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn. Súmbọ̀, obìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ibẹ̀, kò sí nípàdé. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn, ó ti gbàyè lọ tọ́jú rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Àárọ̀ tó padà wọ ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó kí Abdulganiyy, kò jókòó.

"Bọ̀dá Ganí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn fi ṣe yín?"

"Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn kẹ̀?"

"Èéyi ti wọ ibẹ̀. Ilé tí mo ti ń bọ̀ yìí, àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ara wọn gbóná bí ààrò, ojú wọn pọ́n, nǹkan ti sú bò wọ́n látorí délẹ̀. Mo ní ṣé àwọn alábẹ́rẹ́ ò wá ni. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹnikẹ́ni."

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Fóònù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà lè ya ṣáàtì tirẹ̀, kékeré, fún àdúgbò tí oníṣẹ́ bá ń mójú tó. Ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án sí i.

"Òpó tèmi rèé. Kí n tó lọ Ìbàdàn ló ti kúrú báyìí, mo sì ti fi ránṣẹ́. Èyí tí ẹ gbé lọ sípàdé dà?"

Abdulganiyy ṣí ṣáàtì náà lórí kọ̀ǹpútà. Súmbọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka orúkọ tó wà lábẹ́ àwọn òpó náà jẹ́jẹ́. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Kò sí níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀. Mo fi àmì sí gbogbo wọn."

"Ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ ti fi àmì sí i."

Ó ṣí i. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Àmì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo orúkọ tó rí.

"Òun nìyí," ni Súmbọ̀ wí.

"Níbo?"

"Ìka mi wà lórí ẹ̀."

Abdulganiyy kò rí ìka kankan. Ó yí orí sọ́wọ́ ọ̀tún, ó tún yí i díẹ̀ sí i, ìgbà náà ni ìka obìnrin náà yọ sí i, bí ẹni tó ń ti ẹ̀yìn ògiri jáde. Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn wà lábẹ́ ìka náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí àmì.

Nígbà tó máa fi gbójú sókè, Súmbọ̀ kò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Orí rẹ̀ tó ń yí ló ń wò.

"Bọ̀dá Ganí, ṣé ẹ ríran?"

"Mo ríran. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ìka mi wà níwájú yín látẹ̀ẹ̀kan."

Abdulganiyy wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. "Súmbọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

"Nígbà wo?"

Obìnrin náà gbé fóònù rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ èéyi ló sọ fún un, kò sọ ti ojú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n kó abẹ́rẹ́ àti oògùn lọ sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn, àwọn eléètò ìlera ìjọba náà sì tẹ̀ lé wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà gbádùn. Ọ̀kan kò gbádùn. Onídìrí kan tó ń jẹ́ Àtọ́kẹ́ ló bí i, Zikrullah lorúkọ ọmọ náà, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àìsàn náà wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró, ilẹ̀ sì ti ṣú kí wọ́n tó rí ọ̀nà gbé e dé ọsibítù. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì.

Ìyáàfin Ọmọ́níyì pè wọ́n jọ. Kò pariwo. Ó béèrè bó ṣe jẹ́ tí àdúgbò odidi kan fi wà nínú fóònù tí kò sì sí nínú ṣáàtì. Súmbọ̀ wolẹ̀, ó ń dúró. Abdulganiyy mọ̀ pé òun ló ń dúró dè. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé, "Bóyá kọ̀ǹpútà ni, Mà. Ó ti ń ṣe ségesège láti ọjọ́ mélòó kan."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Richard, ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Richard jókòó sórí àga Abdulganiyy, ó tú u wò, ó tú u wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní ẹni tó lò ó ni kò fi àmì síbẹ̀. Abdulganiyy gbé báàgì rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jáde.

Kò wọ ọkọ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ẹgbẹ́dá, ó ń fi ọwọ́ tọ ara ògiri àwọn ilé lọ, ó dé ibì kan, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ lára ògiri. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló rí. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé onílé, ó sì sunkún, àwọn èèyàn ń kọjá.

Nígbà tó délé, Hàbíbátù ń gé aṣọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, ti mọ́sálásí, ti oògùn, ti wíńdò tí kò rí, ti Ìsàlẹ̀-Ọ̀dàn, ti ọmọ Àtọ́kẹ́. Síṣọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Láti ìgbà wo?"

Ó sọ fún un.

"Mò ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ṣe yín ní yẹ̀yẹ́," ni obìnrin náà wí, "ẹ sì jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín. Inú iyàrá kan náà la jọ ń sùn, Bàbá Hamdalah. Ta lẹ fẹ́ sọ fún tí ẹ ò lè sọ fún mi?" Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ẹ lọ fi omi bọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, ọsibítù là ń lọ."

Ní ọsibítù, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan tó dà bí igbá funfun, kó máa wo iná kan tó wà láàárín, kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò. Wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní iná wẹ́wẹ́ á máa tàn káàkiri inú igbá náà, èyíkéyìí tó bá ti rí, kó tẹ bọ́tìnnì. Ó tẹ ti àkọ́kọ́, ó tẹ òmíràn. Lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́. Ó dúró títí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ti dáwọ́ dúró o." Obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà rọra dáhùn pé, "Kò dáwọ́ dúró, sà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ."

Ìwé kan jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Dókítà tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ṣùgbọ́n Abdulganiyy ti fà á sún mọ́ ojú. Ṣáàtì ni. Òun tó ti ń ya ṣáàtì láti ọjọ́ yìí wá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà á fún un. Àwòrán ojú méjì ni, rìbìtì rìbìtì. Ti òsì dúdú kanlẹ̀. Ti ọ̀tún dúdú yíká, ibi kékeré kan ló mọ́lẹ̀ láàárín, bí omi tó kù sísàlẹ̀ kànga.

"Ibi tó dúdú ni mi ò ti ríran, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Dókítà náà ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ó ní tí àwọn bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, tó sì ń kán oògùn láìfi ọjọ́ kan ṣeré, èyí tó kù lè má lọ. Ó béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí fọ́jú. "Bàbá mi," ni Abdulganiyy wí, Hàbíbátù sì yíjú sí ògiri.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó lọ bá Ìyáàfin Ọmọ́níyì. Ó fi ìwé ojú náà sórí tábìlì rẹ̀.

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, Mà. Èmi ni. Mi ò ríran dáadáa mọ́, ó ti pẹ́, mo sì fi pa mọ́."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ká ní o sọ fún mi, Ganí, kí ni ǹ bá ṣe ju kí n fi ẹnì kan tì ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Mo mọ̀, Mà."

"O ò mọ̀. Ká ní o mọ̀ ni, ò bá ti sọ." Ó wo ìwé ojú náà. "Gbogbo wa la jókòó nípàdé yẹn. Gbogbo wa la wo ṣáàtì, a ò béèrè àdúgbò tí a fẹnu ara wa fi kún iṣẹ́. Ìyẹn ò ní jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n kò gba tìẹ kúrò lọ́rùn rẹ. Dìde lórí iṣẹ́ yìí, kó o lọ tọ́jú ara rẹ."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ojú ọ̀tún kò lọ, kò sì dára sí i. Ó dà bí ẹni tó ń wo ayé láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Abdulganiyy jókòó sílé. Hàbíbátù ń kán oògùn sí i lójú láàárọ̀ àti lálẹ́, kò gbà kó dá a kán. Ohùn kan wà nínú fóònù tó máa ń ka ohun tó bá wà lójú fóònù jáde, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohùn náà ń ka iye fún un, ó sì ní kí fóònù sọ wọ́n di òpó. Fóònù ní ó ti ṣe tán. Ó wá ku kó mọ bí òpó náà ṣe rí. Á pe Hàbíbátù.

"Kí lo rí?"

"Òpó ni. Kan ga, kan ò ga."

"Àwọ̀ ńkọ́? Ṣé orúkọ wọn hàn? Ṣé wọn ò gun ara wọn?"

"Bàbá Hamdalah, òpó ni mo rí."

Á pa á rẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í jáde níyàrá, tó jẹ́ pé àdúrà tó ń gbà ni pé kí ilẹ̀ ọ̀la má mọ́ bá òun. Hàbíbátù mọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọ pálọ̀, kó lè máa gbọ́ bó ṣe ń mí.

Nígbà tó pẹ́, Ìyáàfin Ọmọ́níyì pè é padà. Kì í ṣe láti ya nǹkan. Richard ló ń ya ṣáàtì báyìí. Wọ́n ní kí Abdulganiyy máa wá jókòó nípàdé, kó máa há orúkọ gbogbo àdúgbò sórí. Kí wọ́n tó pín àwọn alábẹ́rẹ́, Richard á máa pe òpó kọ̀ọ̀kan sókè, òun á máa dá a lóhùn, èyí tí wọn ò bá tíì pè, á béèrè rẹ̀. Iṣẹ́ náà kéré. Ó mọ̀ pé àánú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ń lọ ṣá.

Ọ̀rọ̀ Àtọ́kẹ́ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Súmbọ̀ ní kò sí ẹni tó lè búra pé ọmọ náà ì bá yè ká ní wọ́n tètè dé. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò ràn án lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí Hàbíbátù mú òun lọ.

Àtọ́kẹ́ ń ya irun ẹnì kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó ní kí oníbàárà náà lọ, kó padà wá. Ó fún wọn ní àga. Abdulganiyy kò jókòó.

"Èmi ni mò ń ya ṣáàtì fún àwọn alábẹ́rẹ́," ni ó wí. "Àwòrán kan ni. Òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n máa lọ. Gbogbo àdúgbò ló ní òpó tirẹ̀ níbẹ̀. Mi ò fi tiyín sí i. Ojú mi ni kò rí i, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ojú mi ò ríran, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àtọ́kẹ́ ń tú ìlarun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò nínú irun tó ká mọ́ ọn.

"Nínú àwòrán yẹn, kí ni wọ́n sọ nípa wa?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

"Súmbọ̀ kọ orúkọ ọmọ mi. Ibí yìí ló dúró sí. Mo pè é fún un, ó ní kí n tún un pè, kó má bàa ṣì í tẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó dé."

Hàbíbátù ti ń sunkún. Àtọ́kẹ́ kò sunkún. Ó gbé ìlarun náà sílẹ̀, ó tún un gbé, ó tún un gbé sílẹ̀.

"Mi ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe sí i," ni ó wí. "Tó bá jẹ́ pé kí n ní mo ti dárí jì yín lẹ fi wá, kò sí lẹ́nu mi lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa wà."

"Mi ò tìtorí ẹ̀ wá."

"Ẹ máa lọ sílé."

Abdulganiyy kí i, ó yí padà. Hàbíbátù ń fi ìborùn nujú lọ́wọ́, kò tètè dì í mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ohùn Àtọ́kẹ́ sì wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, kò ga, kò rọ̀.

"Ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Gọ́tà ló wà níwájú yín yẹn."

Ó yà sọ́wọ́ òsì. Hàbíbátù bá a, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì rọra ń lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń gbérò padà sí Ìgàndó.